Ilá Tí Kò Yọ̀

Àga ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi ní Ìrè. N kò tíì bọ́ bàtà, n kò tíì kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi bí ọkọ mi ṣe kọ́ mi, tí ẹnì kan ti fi etí ìró nu àga oníke kan, tó gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, tó ní, "Ẹ jókòó, ẹ jókòó." Wọ́n gbé mọ́ọ̀tì tútù wá. Wọ́n gbé oúnjẹ wá nínú abọ́ tó ní ìdérí. Àwọn obìnrin ilé ń sáré sókè sódò, ẹni tó ń gún iyán ń gún un, ẹni tó ń fọ ìkòkò ń fọ̀ ọ́, èmi jókòó gẹlẹtẹ bí ẹni tó wá yẹ iṣẹ́ wọn wò. Mo ní kò burú, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni. Mo ní bó bá di ọ̀la, wọn á jẹ́ kí n bá wọn ṣe nǹkan.

Ó di ọ̀la, ó di ọ̀túnla, ó di ọdún kejì, wọn kò yéé gbé àga fún mi.

Etí òkun ni wọ́n ti bí mi, ní ilẹ̀ Kónkánì ní Íńdíà, níbi tí igi àgbọn ti ṣíji bo gbogbo ojú ọ̀nà. Délé, ọkọ mi, wá kàwé nílùú wa. Ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan náà ni a jọ ń lọ, ẹ̀yìn mi ló máa ń jókòó sí. Kò mọ ẹyọ kan nínú orin wa, àmọ́ á máa kọ ọ́ sókè bí ẹni tó ni ín. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí mo ṣe gba ìwé ìrìnnà, bí bàbá mi ṣe bínú, bí mo ṣe gúnlẹ̀ sí Nàìjíríà, ẹ jẹ́ kí n fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi láti sọ ni ohun tí mo bá nílé ọkọ.

Ooru kò yà mí lẹ́nu, a lóoru nílé. Ata kò bà mí lẹ́rù, ata tí ìyá mi ń jẹ, bí ọmọ Èkìtì bá tọ́ ọ wò, á wá omi. Afẹ́fẹ́ ìgbà ọyẹ́ ló kọ́kọ́ fìyà jẹ mí. Ìrì òkun ti mọ́ mi lára láti kékeré. Ètè mi là, gìgísẹ̀ mi là, mo dúró níwájú dígí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń sunkún nítorí ètè. Délé ra òrí wá, ó ní kí n fi pa á. Ó gbóòórùn, àmọ́ ó ṣiṣẹ́.

Ìkíni ló ṣìkejì. Nílùú wa, ènìyàn lè kọjá lára ẹnìkejì rẹ̀ kó kàn mi orí. Yunifásítì ló gba Délé síṣẹ́, Ọ̀yẹ́ la sì ń gbé. Lọ́jọ́ kan mo kọjá lára ìyá arúgbó kan tó jókòó síwájú ilé rẹ̀, mo mi orí, mo ń lọ ní tèmi. Kí n tó dénú ilé, ọ̀rọ̀ ti dé etí Délé. Òun ni wọ́n bá wí. Wọ́n ní kó kọ́ ìyàwó rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn. Èmi tí mo ṣe é gan-an, nígbà tí mo padà lọ bẹ ìyá náà, ó ní, "Kò sí nǹkan kan, òyìnbó wa." Mo wo apá mi. Dúdú ni. Mo ní ó dára, mà.

Mo rí iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní ilé-ìwé kan ní Ìlúpéjú. Àwọn ọmọ kíláàsì mi sọ mí ní Àǹtí Íńdíà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè jó bíi ti àwọn tó ń jó nínú fíìmù. Mo ní n kò mọ ijó, ìṣirò ni mo mọ̀. Ojú wọn fàro. Bí mo bá kẹ̀yìn sí wọn tí mo ń kọ nǹkan sójú pátákó, wọn á máa fi ohùn mi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé pátákó ni mo máa ń kọjú sí rẹ́rìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ́ wọn, Yorùbá ni wọ́n fi ń bẹ̀ mí pé kí n má nà wọ́n, Kónkánì ni mo fi ń ka òǹkà nínú ikùn. Títí dòní, n kò lè fi èdè mìíràn ka owó tàbí ka iye aṣọ.

Ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́, ọlọ́kadà ló fún mi. Ọkùnrin kan náà ló máa ń gbé mi lọ sí Ìlúpéjú láàárọ̀. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, "Òyìnbó, ó yá" ló máa ń sọ. Lọ́jọ́ kan mo pẹ́, ó fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà títí, nígbà tí mo jáde, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé yín níṣẹ́ ni?" Ó tilẹ̀ pòṣé. Mo gun ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń dá rẹ́rìn-ín títí a fi dé ẹnu géètì ilé-ìwé.

Ìrè ni ọ̀rọ̀ kò ti yí padà. Ibẹ̀ ni ilé bàbá Délé, ibẹ̀ la máa ń lọ ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ẹni méjì ló ń darí ilé náà. Àkọ́kọ́ ni ìyá Délé, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ̀ọ́mi. Opó ni, àgbẹ̀ ni. Ó ní oko iṣu, ó sì ní àkùrọ̀ kan lẹ́bàá odò tó ti máa ń ká ilá àti ẹ̀fọ́ nígbà tí ilẹ̀ àwọn tó kù bá ti gbẹ. Èkejì ni Ìyá Tóyìn, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Délé. Ìyálé mi nìyẹn. Mọ̀ọ́mi ló ni ilé, Ìyá Tóyìn ló ni ilé ìdáná. Ohùn rẹ̀ máa ń dé ojú títì. Bí ìyàwó ilé kan bá bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ jù, gbogbo àdúgbò á gbọ́, wọn á sì mọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, òun àti ẹni tó bú á jọ máa rẹ́rìn-ín, wọn á jọ máa já ẹ̀fọ́.

Èmi nìkan ni kò bú rí. Èmi tí mo kéré sí àbúrò rẹ̀ pàápàá, "ẹ" ló máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀. "Ẹ má ṣèyọnu. Ẹ lọ jókòó." Bí mo bá mú ìgbálẹ̀, á fi ẹ̀rín gbà á lọ́wọ́ mi. Bí mo bá bu omi, á rán ẹlòmíràn kó gbà á. Àwọn ará ilé ń bá ara wọn sọ Èkìtì, wọ́n ń ké ulé, wọ́n ń ké uṣẹ́, bí wọ́n bá ti yíjú sí mi, ó di Yorùbá orí rédíò. Àlejò bí òkété là á fi èkùrọ́ lọ̀, ni wọ́n ń sọ. Wọ́n fi èkùrọ́ lọ̀ mí títí eyín fi kan mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan fún yín. Mo ra àgbọn wá láti Ọ̀yẹ́, mo fọ́ ọ, mo sì pín omi rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé, bí ìyá mi àgbà ṣe máa ń pín in fún wa. Ìyá Tóyìn wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣeun." Mo wọlé lọ mú aṣọ ìnuwọ́. Ojú fèrèsé ni mo ti rí i tó ń gba ife lọ́wọ́ àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń da omi náà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí a délé, Délé sọ fún mi pé wọn kì í fún ọmọdé ní omi àgbọn mu níbí, wọ́n ní ó máa ń sọ ọmọ di olódo.

"Omi àgbọn ni èmi mu dàgbà," mo ní, "mo sì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò."

Délé rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe omi àgbọn ló dùn mí. Bó bá jẹ́ ìyàwó mìíràn ló ṣe é, Ìyá Tóyìn ìbá pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo ayé, ọ̀rọ̀ ìbá sì parí síbẹ̀. Èmi ni wọ́n fi ẹ̀rín bò, tí wọ́n wá da omi mi nù lẹ́yìn mi.

Ìyá mi, Ayi là ń pè é, máa ń pè mí lórí fídíò ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Kò mọ fóònù dì mú, àjà ilé àti iwájú orí rẹ̀ ni mo sábà máa ń rí. Á bi mí ní ohun tí mo jẹ. Á bi mí bóyá òjò ti rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó bi mí bí àwọn ará ilé ọkọ mi ṣe ń ṣe sí mi, mo ní wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi gan-an.

"Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ọ?" Ayi ní. "Ìyá bàbá rẹ kò bọ̀wọ̀ fún mi rí. Ọjọ́ tí mo dé ilé yìí gan-an ló ti gbé àgbọn lé mi lọ́wọ́ pé kí n rin ín."

Ó ti yé e. N kò ní láti ṣàlàyé mọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún sórí fóònù bí ọmọ ọwọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ló sọ fún mi pé ilé-ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ń wá olùkọ́ ìṣirò, ọ̀rẹ́ òun sì ni ọ̀gá ibẹ̀. Wọn á fi àyè náà dè mí títí di ẹ̀yìn ọdún Àjíǹde. "Máa bọ̀ nílé," ó ní. "Ọkọ rẹ á wá bá ọ bó bá yá."

Mo sọ fún Délé. Mo ní bí Àjíǹde bá kọjá, tí mo bá ṣì jẹ́ àlejò ní ilé wọn, màá lọ gba iṣẹ́ náà. Kò bínú. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó nù ún pẹ́.

"Ṣé àlejò ni èmi náà kà ọ́ sí?" ó ní.

"Rárá."

"Ṣé ìyẹn kò tó?"

"Kò tó," mo ní. Ó dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló rí. Yorùbá náà ló sọ pé ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé. Mo ti fi òkun sílẹ̀, mo ti fi ìyá sílẹ̀, n kò lè fi gbogbo ọjọ́ ayé mi jẹ́ ìyàwó Délé nìkan nígbà tí agbo ilé kún fún ènìyàn.

Ilé ìdáná mi ní Ọ̀yẹ́ ló ń tù mí nínú láàárín gbogbo èyí. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí ọkàn mi kò lélẹ̀, upkari ni mo máa ń sè. Oúnjẹ ilẹ̀ wa ni, oúnjẹ ojoojúmọ́, kò sí ẹni tó ń sè é fún àlejò. Ilá tàbí kábéèjì tàbí ẹ̀wà eléèpo tútù, èyíkéyìí tó bá wà nílẹ̀, òróró àgbọn, ata gbígbẹ, àgbọn rírin, àti hóró dúdú wẹ́wẹ́ kan tí à ń pè ní sasam, tí Ayi máa ń di ránṣẹ́ sí mi. Bí òróró bá gbóná, ẹ da sasam sí i, kí ẹ sì sún sẹ́yìn, torí á máa ta pàrà-pàrà káàkiri ilé ìdáná. Bó bá ti ń dákẹ́, ata wọlé, ẹ̀fọ́ tẹ̀ lé e. Ẹ má dé e. Ẹ má bu omi sí i.

Bó bá jẹ́ ilá, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Ẹ ó fọ̀ ọ́ lódindi kí ẹ tó gé e, ẹ ó fi aṣọ nù ún títí kò fi ní ku ẹ̀kán omi kan lára rẹ̀, ọ̀bẹ yín gbọ́dọ̀ gbẹ, pátákó yín gbọ́dọ̀ gbẹ. Iyọ̀ di ìparí. Ẹ ó jẹ́ kó jókòó lórí iná títí ọ̀yọ̀ ara rẹ̀ á fi tán pátápátá, kí ẹ tó bu àgbọn lé e. Lójú Ayi, ilá tó bá yọ̀ nínú upkari, ọ̀lẹ ló sè é.

Délé máa ń fi ìrẹsì jẹ ẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo sè é fún un ní Ọ̀yẹ́, ó fi ṣíbí tì í síwá, ó tì í sẹ́yìn, ó ní, "Ilá yìí ń bínú sí mi ni?" Mo ní bó bá ń bínú, kó fi sílẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán.

Bí mo bá ń sè é, mo máa ń ronú nípa ohun tí ènìyàn ń pè ní ilé. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń fún ọ ní ohun tó dára jù ni. Irọ́ ni. Ibi tí wọ́n ti lè fún ọ ní àjẹkù ni, tí inú rẹ kò sì ní bàjẹ́. Ibi tí o ti lè ṣí ìkòkò wo ohun tó wà níbẹ̀ láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. N kò ṣí ìkòkò rí ní Ìrè.

Gúúdù Fúráìdè dé, Àjíǹde ku ọ̀túnla. Gbogbo ilé ń gbààwẹ̀. Ìyá Tóyìn kó tèwe-tàgbà lọ ṣọ́ọ̀ṣì fún Ọ̀nà Àgbélébùú. Orúnkún ń dun Mọ̀ọ́mi, kò lè dúró pẹ́, mo ní èmi á jókòó tì í. Kí Ìyá Tóyìn tó jáde, ó bẹ iṣu sínú omi, ó gbé ìkòkò ńlá kan lé ààrò, ó dé e, ó sì kó iná jọ sábẹ́ rẹ̀. Agbọ̀n ilá kan wà lẹ́bàá ògiri, ilá tútù tí Mọ̀ọ́mi ká ní àkùrọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mọ̀ọ́mi na ara sórí ẹní ní ọ̀ọ̀dẹ̀, kò pẹ́, oorun gbé e lọ.

Mo wo ilá, ilá wò mí.

Kí n má purọ́, ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti ń kó òróró àgbọn, ata, sasam àti àgbọn rírin sínú báàgì wá sí Ìrè, bóyá àyè á ṣí sílẹ̀. Ìgbà wo ló tún máa ṣí bí kò ṣe ọjọ́ yẹn? Mo wo ìkòkò ńlá tó wà lórí iná, mo ní ọbẹ̀ nìyẹn. Nílé wa, ìrẹsì ní ọbẹ̀ tirẹ̀, upkari á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Mo ní ohun tí a máa ṣe náà nìyẹn: wọn á fi ọbẹ̀ inú ìkòkò jẹ iyán, wọn á máa fi upkari mi panu lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìṣẹ́jú kan péré ló máa gbà mí láti ṣí ìdérí náà. Àmọ́ àlejò kì í ṣí ìkòkò onílé, wọ́n sì ti kọ́ mi ní iṣẹ́ àlejò dáadáa.

Mo fọ ilá, mo nù ún, mo gé e, odidi agbọ̀n. Mo gbé agbada lé ààrò kejì. Sasam ta, Mọ̀ọ́mi yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ẹní, kò jí. Nígbà tí mo ṣe tán, ilá náà gbẹ, ó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àgbọn funfun wà lórí rẹ̀. N kò sè é dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo fi ewé bò ó, mo jókòó, mo ń retí wọn.

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ebi ti mú ojú gbogbo wọn wọnú. Ìyá Tóyìn se iṣu, Délé àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ́ ẹ̀wù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Ilá kì í pẹ́ lórí iná, ìdí nìyẹn tó fi fi í sílẹ̀ di ìgbà tí odó bá ń dún. Ó yíjú sí ẹ̀bá ògiri. Agbọ̀n ti ṣófo.

"Ulá mi dà?" ó ní, kò bi ẹnì kan pàtó.

Mo fi ìdùnnú gbé agbada síwájú rẹ̀, mo ṣí ewé kúrò. "Mo ti sè é, mà. Ẹ wò ó."

Ó wò ó. Ó ti ìka kan bọ̀ ọ́, ó gbé ìka náà sókè, ó ń retí kí nǹkan fà tẹ̀ lé e. Kò sí ohun tó fà. Ó tún un ṣe. Ẹyọ ilá kan bọ́ padà sínú agbada, gbígbẹ, bí ẹni pé wọn kò bí i nílé ilá rí.

"Ọbẹ̀ ńkọ́?" ó ní.

Mo nawọ́ sí ìkòkò ńlá. Ó ṣí i. Omi gbígbóná ni, omi tí wọ́n máa ń wọ́n sí iyán nínú odó.

Odó dákẹ́. Gbogbo ilé yíjú sí mi. Kò sí ọbẹ̀ mìíràn nílé náà, ilá yẹn nìkan ni wọ́n ń wò láti àárọ̀ tí wọ́n ti ń gbààwẹ̀, iyán sì ti ń di iyán nínú odó. Délé fi ọmọ odó sílẹ̀, ó ń sáré bọ̀. "Ìyá Tóyìn, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, kò mọ̀ ni."

Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe pé kó má bínú ni mo ń bẹ Ọlọ́run. Mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kó má rẹ́rìn-ín. Bó bá rẹ́rìn-ín, bó bá ní, "Kò sí nǹkan kan, ẹ lọ jókòó," ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, màá lọ di ẹrù mi.

Kò rẹ́rìn-ín.

"Ùyàwó!" Ohùn rẹ̀ gba orí páànù kọjá. "Kí lo ṣe sí ulá yìí? Ulá éè yọ̀! Kí la ó fi jẹ uyán? Ṣé o fẹ́ kó há wa lọ́fun ni? Odidi agbọ̀n! O éè lè bi ènìyàn? Ẹnu rẹ ti di ni?"

Èkìtì ló fi ń bú mi, àfi bí ẹni pé inú ilé yẹn ni wọ́n bí mi sí.

"Ìyá Tóyìn, ẹ jọ̀ọ́," Délé ní, "ẹ rántí pé àlejò…"

"Délé, panu mọ́." Mọ̀ọ́mi ló sọ̀rọ̀. Ó ti jí, ó ti jókòó lórí ẹní, ó ń fi ọwọ́ kan ra orúnkún. "Àlejò wo ló da agbọ̀n ulá mi sínú agbada? Ùyàwó ulé ni. Padà sídìí odó rẹ."

Délé padà sídìí odó. Ìyá Tóyìn kò tíì tán.

"O ṣì dúró ńbẹ̀? Lọ sẹ́yìn ulé, lọ já gbọ̀rọ̀ wá, má já èyí tó ti gbó. Bí o bá dé, o ó lọ ata, o ó lọ ẹ̀gúsí. Bí uyán yìí bá tutù, ìwọ lo máa jẹ ẹ́ tán!"

Mo sáré lọ. Mo já gbọ̀rọ̀, mo já èyí tó ti gbó mọ́ ọn, ó ṣà á sọ́tọ̀, ó dà á nù lójú mi. Mo kúnlẹ̀ sídìí ọlọ, mo ń lọ ata. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń lọ ata nìyẹn? Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!" Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ata ta mí lójú, ó ta mí lọ́wọ́. Àwọn ìyàwó ilé tó kù ń rẹ́rìn-ín mi, ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ kan ọmọ ọlọ, ó tọ́ mi sọ́nà, ó ní kí n má fi èjìká lọ̀ ọ́, ẹ̀yìn ni kí n fi lọ̀ ọ́. Oòrùn ti wọ̀ kí a tó jẹun. Iyán ti tutù, kò sì sí ẹni tó gbàgbé láti sọ fún mi pé ó ti tutù. Lẹ́yìn oúnjẹ, Ìyá Tóyìn fi ẹnu júwe òkìtì abọ́ fún mi. Mo fọ gbogbo rẹ̀. Mo ń sunkún, wọ́n rò pé ata ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mọ̀ọ́mi se iṣu, ó bu ilá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń jẹ ẹ́. Nígbà tó yá ó ní, "Ó dáa fún usu. Éè dáa fún uyán." Ó sì tún bu sí i. Ìyá Tóyìn tọ́ ọ wò ní ìdúró, ó ń fi ahọ́n wá hóró sasam láàárín eyín rẹ̀. Ó bi mí ohun tó jẹ́, mo sọ fún un. Ó ní lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, kí n wá sè é lójú òun, àmọ́ òun ni yóò ka ilá lé mi lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, mo lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, mo pe Ayi.

"Ayi, wọ́n bú mi."

"Ta ló bú ọ?" Ohùn rẹ̀ le.

"Ìyálé mi. Lójú gbogbo ilé. Mo se upkari ilá fún wọn, wọ́n fẹ́ fi jẹ iyán, kò yọ̀."

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, ìkòkò omi, gbọ̀rọ̀ tó gbó, ìdí ọlọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní kí n tún ti ìka tó gbé sókè yẹn sọ. Mo tún un sọ. Nígbà tí ẹ̀rín rẹ̀ tán, ó tún bi mí ní ìbéèrè.

"Abọ́ ńkọ́?" ó ní. "Ta ló fọ abọ́?"

"Èmi ni."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, Ayi."

Mo ń gbọ́ ariwo àwọn ẹyẹ nínú àgbàlá wa, mo ń gbọ́ ẹnì kan tó ń gbálẹ̀. Mo ń retí kó dárúkọ ilé-ìwé yẹn. Kò dárúkọ rẹ̀.

"Àgbọn ọdún yìí pọ̀," ó ní. "N kò rí ibi kó o sí mọ́. Màá kó o sí yàrá rẹ tí mo fi sílẹ̀ dè ọ́."

Mo ní, "Ẹ kó o síbẹ̀, Ayi."